Ọrun Kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Èmi Ràbíátù, aránṣọ ní Bẹ́yẹrúnkà, èmi ni mo bí Muslimat, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan ẹ̀ jẹ́. Mi ò ní ti ẹjọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Láti kékeré ni Muslimat ti ń na òsì sí gbogbo nǹkan. Kó mú ṣíbí, òsì. Kó kí àlejò, òsì. Ìyá ọkọ mi á wò mí, á ní, "Ràbíátù, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ìwọ náà nílé yín nìyí?" Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí gbogbo ìyàwó ilé ti ń ṣọ́ ara wọn? Mo mú ìrépé aṣọ, mo fi so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ara ẹ̀. Tó bá ń sunkún, màá máa rán aṣọ mi lọ. Kó tó pé ọmọ ọdún méje, ọ̀tún ló fi ń ṣe ohun gbogbo, wọ́n sì ń yìn mí pé mo tọ́ ọmọ.

Ó dàgbà tán, ó ń bá mi ránṣọ. Ní Sátidé, ó máa ń lọ sí pápá ilé ìwé kan lẹ́yìn Mápó, níbi tí Kóòṣì Olúwọlé ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọfà títa. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ìgalà lo fẹ́ pa wá fún wa jẹ ni?" Á rẹ́rìn-ín, á lọ. Ọrun igi tí gbogbo wọn jọ ń lò ló fi ń ta, síbẹ̀ ó máa ń wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù. Ìgbà tó sọ fún mi pé wọ́n máa fi ìdíje mú ọmọbìnrin méjì tó máa ta ọfà fún ìpínlẹ̀, pé iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ni mo tó pa yẹ̀yẹ́ tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò sí nǹkan tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà lókè òkun wá fi ọrun oníkẹ̀kẹ́ ránṣẹ́, mẹ́rin ni. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lókè ẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀; téèyàn bá fa okùn ẹ̀ dé ibi tó yẹ, á rọ̀ lọ́wọ́, èèyàn á lè dúró wo ibi tó fẹ́ ta dáadáa. Kóòṣì ní kálukú gbọ́dọ̀ ta wọ́n wò kó tó mú, torí èyí tó bá mú ló máa lò títí dọjọ́ ìdíje. Mo ní màá gbé mọ́ínmọ́ín wá bá ọmọ mi níbẹ̀.

Mo dé, mo jókòó ti Alhaji Yésúfù, alága wọn, èèyàn ńlá tí mò ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó ẹ̀. Ọrun àkọ́kọ́ le jù. Muslimat fà á títí apá ẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ìkejì kúrú, okùn ẹ̀ ò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ìkẹta bá apá ẹ̀ mu, àmọ́ ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ta yà, etí pátákó ni wọ́n gún. Kóòṣì ní kó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, kó wo igi kan láàárín ẹ̀, kó di ojú kan, kó tún di ìkejì. Ó ní, "Háà, Muslimat, ojú òsì lo fi ń wo nǹkan. Ọwọ́ òsì ẹ náà ló yẹ kó máa fa okùn. Gba ìkẹrin yìí."

Ọrun ọlọ́wọ́ òsì ni ìkẹrin. Ọ̀tún lèèyàn fi ń dì í mú, òsì lèèyàn fi ń fa okùn. Muslimat wo òsì ẹ̀ bíi nǹkan onínǹkan. Ó fà á. Ọfà kìíní wọ àárín gbùngbùn. Ìkejì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìkẹta, ìyẹ́ ẹ̀ ń ha ti àwọn tó kù. Kóòṣì figbe ta, "Òun nìyí! Òun gan-an nìyí!" Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí.

Kí lèmi ṣe? Mo dìde fùú. Mo ní, "Muslimat! Òsì! Níwájú Alhaji! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mi ò kọ́ ẹ ni?"

Ẹ̀rín yẹn pa rẹ́. Ó gbé ọrun sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Kóòṣì sáré wá bá mi. "Ìyá Muslimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọfà wà!" Mo ní ọmọ mi ò ní na òsì níwájú gbogbo ayé kí wọ́n tún wá gbé e sí tẹlifíṣọ̀n. Kóòṣì yíjú sí Muslimat. "Ìwọ ńkọ́? Èwo lo mú?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ìkẹta, sà."

Mo bojú wo Alhaji, kó lè rí i pé mo tọ́ ọmọ. Fóònù ló ń tẹ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè látìgbà tí mo ti débẹ̀.

Louisa, ọmọ àdúgbò Oníyanrìn, ló mú ìkẹrin. Òsì lòun náà ń lò, ìyá tiẹ̀ ò so ọwọ́ ẹ̀ rí. Odindi oṣù mẹ́fà ni Muslimat fi bá ìkẹta fà á. Lọ́jọ́ ìdíje, ó ṣe ipò kẹta. Máàkì méjì péré ni Louisa, tó ṣe ipò kejì, fi jù ú lọ.

Kò bá mi jà. Ì bá tiẹ̀ bá mi jà, ara ì bá tù mí. Ó padà sídìí máṣíìnì, "Ẹ káàárọ̀, mọ́mì," "Ẹ kú iṣẹ́, mọ́mì," kò sì lọ sí pápá mọ́. Èmi ni mo lọ bẹ Kóòṣì bóyá ó lè bá wa wá irú ọrun yẹn. Ó ní kò sí, pé wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n máa mú. Mo sunkún láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Muslimat, mo ṣe àṣìṣe. Dárí jì mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mọ́mì."

Mo ní kó bá mi mú àlùmọ́gàjí. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì ẹ̀ ló wà. Kó ṣáà na ọwọ́ ni. Mo ní, "Fi òsì mú un wá, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kó o fi òsì mú un wá."

Ó dìde lórí àga. Ó yí máṣíìnì po, ó fi ọ̀tún mú un, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún mi.

"Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi nìyí, mọ́mì."