Àárẹ̀ Ọ̀rẹ́ Mi Onídìrí ní Kofar Kware

Mo ń fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ ẹ̀wù tí mo rán fún oníbàárà kan lọ́wọ́, òórùn èédú gbígbóná àti ti aṣọ tútù gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi onídìrí. Ògiri kan ló pààlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Kofar Kware, nílẹ̀ Hausa, òun, èmi àti ọkọ mi sì jọ ń gbé inú ilé tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Mo gbé áyọ̀ọ̀nù náà dúró, mo yà wò ó. Oníbàárà rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ìdajì orí dídì, ìdajì tú sílẹ̀. Abọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń kó òwú àti ìyarun sí ti dojú dé, òun fúnra rẹ̀ sì fara ti ògiri. Ó ní, "Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é lópin òjò ọdún tó ṣáájú. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó bá a wá kò bá a lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọn ò rí ibà níbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dín. Bó ti wù kó sùn tó, á jí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán fún gbogbo àdúgbò. Kó tó fọ eyín tán, á ti máa wá ibi tó máa dùbúlẹ̀ sí.

O mọ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń ṣe ní ìlú onílùú. Ará ilé aláìsàn ò sí nítòsí, nítorí náà gbogbo wa la máa ń di ará ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá á dé, ìyá ẹgbẹ́ níwájú, ìyàwó àwọn wẹ́dà àti àwọn oníbúrẹ́dì Sama Road lẹ́yìn, wọ́n á jókòó yí i ká títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Kò bójú mu kéèyàn dùbúlẹ̀ dá àgbà lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi á dìde, á wé gèlè, á jókòó ṣánṣán, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á lọ pẹ̀lú ayọ̀ pé ara ti ń yá. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo máa ń gbé ife omi sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá sì kọjá, tó rí ṣọ́ọ̀bù ní títì, á ní, "Ṣé kì í ṣe òun ló ń rẹ́rìn-ín lánàá ni?"

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n ní bí kò bá lè ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹgbẹ́ dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú, ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Bí mo bá délé báyìí, wọ́n á ní iṣẹ́ ni mo sá fún."

Agùnbánirọ̀ kan wà tó máa ń rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi, dókítà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó. Ó fi sùúrù bi í léèrè ọ̀pọ̀ nǹkan, ó sì ní òun á bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé bí aláìsàn nìkan bá mọ ohun tó ń ṣe é, kò tíì tó.

Ní ìpàdé, ó ní àìsàn náà wà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní wọn ò tíì mọ ohun tó ń fà á dájú, kò sì sí oògùn tó ń lé e lọ, ẹni tó bá ní òun ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, kí a má fetí sí i. Bí aláìsàn bá ti ṣe ju ohun tí ara rẹ̀ gbà, ì báà jẹ́ ìjókòó àti ẹ̀rín lásán, ọjọ́ kejì tàbí ọ̀tunla ni ara á dá a dùbúlẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan nawọ́. "Dókítà, ọkọ mi ní in. Bí mo bá ti ní kó pọnmi, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín. "Bí ẹnì kan bá pè wọ́n síbi ayò ńkọ́, mà?"

"Á sáré lọ."

"Ẹni tí mò ń wí, ayò gan-an ò ní lè ta. Ohun tó wù ú jù náà ni kò lè ṣe."

Ìyá ẹgbẹ́ wá ní, "Báwo la ṣe fẹ́ máa kí i nígbà náà? Bí a ò bá lọ, wọ́n á ní a já a sílẹ̀."

"Ẹ kí i lẹ́nu ọ̀nà, mà. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Kó dùbúlẹ̀ dáhùn."

"Kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ mi bí agbowó-orí?"

Ṣùgbọ́n ìyá ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Láti ìdí ẹ̀rọ mi ni mo ti ń gbọ́ wọn: "Pẹ̀lẹ́ o, ara á yá," ìró abọ́ oúnjẹ, ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ. Ìyá onílé wa, Hausa ni, á ti ẹ̀yìn ògiri kí i pẹ̀lẹ́ ara ní èdè tirẹ̀, "Sannu da jiki," á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Àìsàn náà kò lọ o. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá rọrùn, á di orí ẹnì kan ní ìjókòó, á ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí kì í ṣí i rárá. Èmi tí mo sún mọ́ ọn jù ni mo pa òfin ẹnu ọ̀nà mọ́ jù. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń rán aṣọ, yóò máa ti òdìkejì ògiri sọ ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ fún mi, màá máa rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ á fi gún mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wá dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wà láàyè, ògiri kan ló wà láàárín wa, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Títí di òní, bí ẹnì kan bá ní ó rẹ òun, n kì í bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀rín tí ẹlòmíràn rín fún wa, agbára ọ̀la rẹ̀ ló fi rín in.

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Kaduna, ẹrù wa ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó lọ kí i pé ó dìgbà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí a ti kọ́ wa. Ó gbórí sókè lórí ẹní, ó wò mí.

"Wọlé wá jókòó," ó ní. "Bó bá fẹ́ rẹ̀ mí lọ́la, kó rẹ̀ mí."