Ìlú Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Yàn Fún Un

Nílé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọwọ́jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń rán ìwé: yóò to ojú ewé léra, yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn rán wọn mọ́ra lẹ́yìn, yóò lẹ páálí mọ́ wọn, kò sì ní sí àmì ìka kan ṣoṣo lára páálí náà tó bá gbé e sílẹ̀. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, á ní kò burú. Wẹ́dà ló fẹ́. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá rẹ̀ ń pè é ní Alábéèrè torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Èyí ọkùnrin ò tíì pé ọdún méjì, Ọ̀gá ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé bó bá ti fẹ́ nǹkan, kò sẹ́ni tó máa gbádùn àfi tó bá rí i gbà.

Ibi tí wẹ́dà yìí ti ń jó irin kógbá sílé. Oṣù mẹ́rin ló fi wá iṣẹ́ kiri kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe táńkì omi lẹ́bàá ìlú ńlá kan tó gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un kó fi kó dé. Ṣùgbọ́n ilé gbígbà nínú ìlú ńlá yẹn kọjá agbára wọn. Àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká làwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ wọlé láàárọ̀, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ jáde nírọ̀lẹ́. Èwo nínú wọn ni kí tọkọtaya yìí mú?

Wọ́n kó àwọn ọmọ dání, wọ́n lọ wò wọ́n fúnra wọn. Ìlú àkọ́kọ́ fara ti ilé iṣẹ́ náà gan-an, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n títì ńlá là á já, àwọn tírélà ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, òdìkejì títì náà nilé ìwé sì wà. Alábéèrè dúró létí títì, ó ní, "Màámi, ta ló máa mú mi lọ́wọ́ sọdá?" Ìyá rẹ̀ wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀, wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ìlú kejì wà lórí òkè kékeré kan. Yàrá méjì ni ilé tí wọ́n rí níbẹ̀, fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí ọmọ lè ṣeré nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń na ọrùn bí ògòǹgò. Ilé ìwé wà ní òpópónà kejì. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló dé ibi iṣẹ́, kò sì ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá onílé. Kó tó kí àwọn àgbà rárá ló ti lóṣòó síwájú Ọ̀gá, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbalé mi?" Ọ̀gá dì í nímú mú. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi rò ó, òun ò ní fi ilé náà han ẹlòmíràn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bá padà, ọkọ ní, "Ìyá Alábéèrè, ilé ti jẹ́ ilé."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ ń fi ìka wọn afẹ́fẹ́, ó ń ṣírò bí kọ́tìnnì fèrèsé kíṣìnnì yẹn ṣe máa gùn tó.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹ̀gbọ́n pè.

Ẹ̀gbọ́n yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ni, olùkọ́ ni, ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó sì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní ìlú kan tí wọn ò tilẹ̀ kà mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ wò. Ìtàn wà láàárín wọn. Nígbà tí bàbá wọn kú, ọmọ ọdún méje ni Ọwọ́jẹ́jẹ́. Ìyá wọn ní òun ò lè bọ́ ọmọ méjì. Ó di èyí àgbà mú, ó fi àbúrò ránṣẹ́ sí ìbátan kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Ọdún mẹ́rìnlá ló lò lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ̀ẹ̀kejì náà sì jẹ́ torí pé ó ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ilé," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kí lẹ wá ń lọ ṣe lọ́dọ̀ àjèjì nígbà tí mo wà níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ yín jìn síbi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ. Wákàtí kan àbọ̀ ni."

"Òun ló máa wọkọ̀, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo máa wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Tí ara ọ̀kan ò bá yá, ta ló máa bá ẹ mójú tó èkejì? Onílé? Ẹni ẹlẹ́ni? Fúláàtì kan ṣófo lẹ́yìn òpópónà mi. Màá máa bá ẹ wo Ọ̀gá, wàá lè padà sídìí ìwé ẹ. Bẹ́ẹ̀ ìyá..."

"Kí ló ṣe ìyá?"

"Ara dara àgbà. Ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Àmọ́ orúkọ ẹ ni wọ́n ń pè, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Wọ́n á ní, 'Ọmọ mi kékeré ńkọ́?' Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn mọ́."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí ìbùsùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, orí rẹ̀ gbóná.

"Ìyá tó gbàgbé ẹ nígbà tórí ẹ̀ pé, òun ló wá rántí ẹ nígbà tórí ẹ̀ dàrú?"

"Bóyá ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ ló ń jáde. Bàbá Alábéèrè, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín rí."

Òótọ́ ni, kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà gbà. Ọwọ́jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló pe agbẹ̀bí pé wọn ò wá mọ́. Agbẹ̀bí ní, "Kò burú, ọmọ mi. Bá mi kí Ọ̀gá tó fẹ́ gbalé mi."

Wọn ò fojú rí fúláàtì náà kí wọ́n tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n ló rí i, òun àti ejẹ́ǹtì. Ọdún méjì ni wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá kó jáde ṣáájú ìgbà náà, kò sí àdápadà. Òkè kẹta ni. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ò ṣeé tì. Irin ojú bàkónì fẹ̀ síra débi pé orí Ọ̀gá lè kọjá láàárín wọn, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ sì kọ́kọ́ ṣe nílé tuntun náà ni pé ó jó irin mìíràn há a.

Ọjọ́ tí wọ́n dé náà ni Ọwọ́jẹ́jẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ wà ní yíya. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá mi, èmi ni. Mo ti dé."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ lo wá tún ẹ̀rọ omi ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni. Wọ́n máa rántí."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ilé ìwé Alábéèrè dára, kò sírọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bá wọn wo Ọ̀gá lẹ́ẹ̀méje. Ilé ìtẹ̀wé kan nínú ìlú náà gba Ọwọ́jẹ́jẹ́, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n gun òkè wá, ó mú ìyá lọ́wọ́, ejẹ́ǹtì sì gbé àga ìyá tẹ̀ lé wọn.

"Ọkọ mi ti rílé fún wa lókè òkun," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Sátidé là ń lọ."

Kí Ọwọ́jẹ́jẹ́ tó lanu, ejẹ́ǹtì ti gbé àga sílẹ̀, ó ń nu òógùn. "Ẹ kú oríire, màdáámù. Ibi tí mo gbé e sí yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n yín nàka sí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá wo ilé yìí. Wọ́n ní ìyá ò lè gbé ibi tí kò sí fèrèsé."

Àwọn obìnrin méjèèjì dúró títí ejẹ́ǹtì fi sọ̀kalẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wẹ̀ wọ́n, tí mo fi ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn wọn. Ọjọ́ wo lo béèrè pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n tọ́."

"Ìyẹn ni mo fi san án. Ó kàn ẹ́."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ di etí àga mú. "Ṣé wọ́n ń pe orúkọ mi lóòótọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Wọn ò pè ẹ́ rí. Tórí wọn pé, tórí wọn ò pé, wọn ò pè ẹ́ rí. Tí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ò bá wá?"

Ó yí padà, ó tún rántí nǹkan. Ó da aṣọ ìyá inú báàgì méjèèjì sílẹ̀, ó ká báàgì mọ́ apá, ó ní òun nílò wọn fún ìrìn àjò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọwọ́jẹ́jẹ́ pe ilé ìtẹ̀wé pé òun ò lè wá. Wọ́n ní àwọn fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dúró.

Ara ìyá le koko. Ṣíbí ló máa ń jù, kì í sì í tàsé. "Ìwọ obìnrin yìí" ni orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀. Tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ará ilé lórí àtẹ̀gùn, á kígbe pé ebi ń pa òun, pé ẹnì kan ti òun mọ́lé. Obìnrin tó ń gbé òkè kejì gbé oúnjẹ wá, ó sì fi ìbáwí sí i. "Àǹtí, ìyá ẹni kan ṣoṣo lèèyàn ní o." Ọwọ́jẹ́jẹ́ gba oúnjẹ náà, ó dúpẹ́.

Wẹ́dà ń lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Ó ń sùn kọjá ibùdókọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi iná jó ara rẹ̀ lápá torí pé ó tòògbé nídìí iṣẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àárẹ̀ ló mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ láti Mọ́ńdè títí di Jímọ̀.

Alábéèrè nìkan ni ìyá fẹ́ràn. Ó gbà pé Ẹ̀gbọ́n ni, pé ọmọ òun àgbà ti padà kéré. Ọwọ́ ọmọ yìí nìkan ló ti ń jẹun. Lákọ̀ọ́kọ́ Alábéèrè béèrè pé, "Màámi, kí ló dé tí màmá àgbà ń fi orúkọ àǹtí pè mí?" Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, ó ń jẹ́ ẹ. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọwọ́jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀, ó ń rán ìwé orúkọ tí ilé ìwé gbé fún un kó máa bá wọn tún ṣe nílé. Alábéèrè jókòó sí apá àga ìyá. Ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, omi tí a ní kó o bù wá ńkọ́?"

Ìyá pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn.

Ọwọ́jẹ́jẹ́ dìde, ó gbá ọmọ náà létí. Kò gbá a rí. Ọmọ ò sunkún, ìyá àgbà ló bú sẹ́kún. Ó fa Alábéèrè mọ́ra, ó ní, "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mi. Mi ò bímọ fún ẹnikẹ́ni láti lù." Láti ọmọ ọdún méje ni Ọwọ́jẹ́jẹ́ ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn nítorí tòun. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni ìyá ti sọ ọ́, òun sì ni ìyá ń fi ọ̀rọ̀ náà lé. Ó bu omi wá.

Ní Sọ́ńdè kan, bàbá ń wẹ Ọ̀gá, ó rí àpá èékánná nínú itan rẹ̀, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pupa.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Wọn ò fẹ́ ariwo," ni Alábéèrè dáhùn. "Tó bá ti ń ké, màmá àgbà á ní kí n dì í lọ́wọ́ mú."

Ọkọ pe Ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e. "Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti kú ni?" Nígbà tó gbọ́ pé wọn ò kú, ó ní òun wà níbi iṣẹ́, ó gé fóònù.

"Jẹ́ ká gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà," ni ọkọ wí.

"Mo ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lọ́mọ láyé kọ́ làwọn kọ́ ọ fún."

"Ó dáa. Tí ìyá ò bá lè kúrò, àwọn ọmọ máa kúrò."

Ó retí pé yóò bá òun jà. Ọwọ́jẹ́jẹ́ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, ìyàwó ọ̀rẹ́ náà á máa bá wọn wo Ọ̀gá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ. Ọ̀gá ké láti òkè kẹta dé ìsàlẹ̀. Alábéèrè wọlé lọ kí ìyá àgbà pé ó dàbọ̀, ó jáde, ó kọjá lára ìyá rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò béèrè nǹkan kan.

Ọwọ́jẹ́jẹ́ dúró sí bàkónì títí ọkọ̀ fi yà. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ṣa àwọn ohun ìṣeré tó wà nílẹ̀, ó bu oúnjẹ, ó gbé e lọ sídìí àga.

Ìyá ń yẹ inú yàrá wò. "Àwọn ọmọ yẹn ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ, ìyá mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ariwo wọn ti pọ̀ jù." Ó la ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de ṣíbí.