Èdè Páìpù

Ogún ọdún ni obìnrin kan fi dirí kí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó le, tí dókítà sì ní kó jáwọ́. Kò sí ohun tí kò gbọ́ tán lẹ́nu àwọn tó jókòó síwájú orúnkún rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun, ó mọ ẹni tó ń purọ́ ọjọ́ orí, ó sì ṣa díẹ̀díẹ̀ nínú èdè mẹ́rin. Nígbà tí ìjọba ìlú wá ń wá àwọn tí yóò máa ti ojúlé dé ojúlé bi aráàlú léèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, ó ní iṣẹ́ ti wá òun wálé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń pè é ní Ìyá Oníbéèrè tipẹ́.

Wọ́n fẹ́ mọ bí àlàfo àárín olówó àti mẹ̀kúnnù ṣe fẹ̀ tó, àti bóyá àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ síra, tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ń bára wọn ṣe. Ìbéèrè méjìlélógójì ni wọ́n tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan tó máa ń to bírò márùn-ún sápò àyà, kìlọ̀ pé kí wọ́n ka ìbéèrè bó ṣe wà, kí wọ́n má bù mọ́ ọn. Ìyá Oníbéèrè fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pa á mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó dé ilé alájà mẹ́fà kan. Ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè níbẹ̀ kì í kọjá àjà kẹrin, páìpù omi náà sì ti dípẹtà, ó ti dí láti ibẹ̀ lọ sókè. Àwọn tó rí jájẹ ń gbé nísàlẹ̀. Àwọn tí kò rí jájẹ ń gbé lókè, wọ́n ń fẹsẹ̀ san ìyókù owó ilé.

Ní àjà karùn-ún, opó kan tó ń fọṣọ fáwọn èèyàn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìbéèrè kẹsàn-án ní ṣé omi ń wọlé. Opó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Oníbéèrè wo ẹnu ẹ̀rọ omi, aláǹtakùn ti fi ṣelé. Síbẹ̀, bàsíà mẹ́ta ló kún fún omi nílẹ̀. Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara ń fu ú. Ìbéèrè kọkànlélọ́gbọ̀n ní ta ni opó mọ̀ tí èdè wọn kò pa pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀. Opó ní kò sí. Òun kì í yọjú sí ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ó mú ṣíbí, ó kan páìpù ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́, rọ́bà omi kan tó ti ìsàlẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi sínú bàsíà kẹrin.

Ìyá Oníbéèrè gbàgbé ìkìlọ̀ ọ̀gá. "Ta ló ṣí omi yẹn fún yín?"

"Ìyá Ìsàlẹ̀ ni."

"Èdè wo ló ń sọ?"

Opó tún rọ́bà náà ṣe nínú bàsíà. "Mi ò mọ̀. Páìpù ló ń kàn."

Ìyá Ìsàlẹ̀ tí à ń wí, aránṣọ ni, àjà kẹrin ló ń gbé, ó fi téèpù kọ́rùn bí ẹ̀gbà. Òun náà ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni tí èdè wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ opó ló wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn. Ó ṣàlàyé pé tó bá kan lẹ́ẹ̀mejì, omi ló ń fẹ́; lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti tó; lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó gbọ́ tètè máa bọ̀. Nígbà tí ibà dá òun wó, ẹ̀ẹ̀kan náà lòun kàn án. Opó sáré wálẹ̀ tòun ti bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi tọ́jú òun.

Ìyá Oníbéèrè béèrè orúkọ opó. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì bi í.

Lórí àtẹ̀gùn, Ìyá Oníbéèrè dúró wo fọ́ọ̀mù méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, omi wà lókè, àwọn méjèèjì kò sì lẹ́nì kan. Kò sẹ́ni tó purọ́, síbẹ̀ kò sóòótọ́ níbẹ̀. Ó pa kò sí rẹ́, ó kọ èdè tí wọ́n jọ ń sọ síbẹ̀: Páìpù.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Kọ̀ǹpútà kò gba èdè náà wọlé. Ó fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìyá Oníbéèrè kò bá a jiyàn. Ó ní kó dìde, kó jẹ́ káwọn jọ lọ.

Ní yàrá aránṣọ, ọ̀gá gba ṣíbí láti dán an wò. Ó kan páìpù lẹ́ẹ̀kan, ó wá dúró. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Opó já wọlé, ọṣẹ dé ìgúnpá. Nígbà tó rí i pé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ le, tí ṣíbí sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin oníbírò, ó fi èdè rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀gá kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n yí ìbéèrè padà. Wọ́n ń béèrè báwo ni omi ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín, àti ta ni yóò kọ́kọ́ wá bí nǹkan bá ṣe yín. Páìpù tó dí ńkọ́? Wọ́n ní àwọn yóò wá wò ó. Kò tíì sẹ́ni tó wá.

Ọ̀gá ní ẹni tó fa ọ̀rọ̀ ni yóò tún padà sí gbogbo ilé tó ti dé tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Oníbéèrè wú, ó kùn títí ó fi dé ojúlé kìíní, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bàtà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ni gbogbo ìdáhùn bàbá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ ìbéèrè tuntun náà, ó fa àga fún un. Ó dárúkọ ẹnì kan, ó rántí ẹlòmíì, ó tún ní kó dúró ná. Ìlà tó wà nínú ìwé tán. Ìyá Oníbéèrè yí i sẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ lọ.