Láti Ìjókòó Ẹ̀yìn Ni Mo Ti Yan Alùpùpù Wa

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Mautín ọkọ mi ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Morogbo. Ẹni tó bá rí ẹrù wa á rò pé à ń kó kúrò nílé ni: àgọ́ aláṣọ kan tí a ká sínú àpò, ẹní méjì, sítóòfù kékeré, ìkòkò kan, gálọ́ọ̀nù omi kan, àti akoto méjì tí à ń dé sórí bí a bá gun alùpùpù. Alùpùpù fúnra rẹ̀ ni a kò ní. Òun la ń lọ rà ní Àgbádárìgì, ẹrù náà la sì fẹ́ fi dán an wò.

Ó ti pẹ́ tí Mautín ti ń sọ ọ́ pé bí àwọn ọmọ bá ti kúrò nílé, a ó gun alùpùpù káàkiri etíkun, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la ó pàgọ́ sí. Èmi ni mo ń dá a dúró. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀kadà kan dà mí sílẹ̀ ní Òjó, ẹsẹ̀ òsì mi kán, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tiro. Láti ìgbà náà n kò gun ohunkóhun tó ní táyà méjì mọ́. Nígbà tí mo gbà lọ́dún yìí, mo ní èmi ni mo máa yan èyí tí a máa rà. Kíá ló gbà. Ó jọ pé àwọ̀ nìkan ló rò pé mo fẹ́ yàn.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, awakọ̀ sì gba ti ẹnì kẹta lórí ẹrù. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà tán, ọkọ̀ ń sáré geere. Ibi tí wọn kò tíì ṣe, gbogbo wa ń fò sókè sódò lórí ìjókòó. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ní Àgbádárìgì, a fi àbọ́lọ̀ àti ẹja díndín jẹun àárọ̀. Ojú lásán á ní mọ́ínmọ́ín ni àbọ́lọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ni, ó fúyẹ́, ó sì dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ Òjó ni mí, a kì í fi ohun tó ládùn jẹ ẹja, síbẹ̀ mo jẹ mẹ́rin.

Bàbá Húnsù, àgbà mẹkáníìkì tó ń ta alùpùpù tòkunbọ̀, ti ń dúró dè wá. Ègùn ni wọ́n bíi ti ọkọ mi, Yorùbá wọn sì ní adùn tirẹ̀. Wọ́n bi wá bóyá a sùn ganji. Bí Ègùn ṣe ń sọ “dáadáa” nìyẹn.

Alùpùpù méjì ló wà nílẹ̀. Pupa ga, ó ń dán, mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n pè é. Aláwọ̀ aró kúrú jù ú lọ, ó ti gbó díẹ̀, ìjókòó rẹ̀ gùn gbọọrọ. Mílíọ̀nù kan géérégé ni tirẹ̀. Mautín kò wo aláwọ̀ aró lẹ́ẹ̀mejì. Ó so gbogbo ẹrù mọ́ ìdí pupa, mo gun àpótí kí n tó lè gùn ún, a sì kọjú sí ọ̀nà abúlé Ajido láti dán an wò. Bàbá Húnsù gun aláwọ̀ aró tẹ̀lé wa.

Bí a ti ń lọ ni ẹrù ń fà wá sẹ́yìn, táyà iwájú sì fúyẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ní Ajido, àwọn obìnrin tó ru àtẹ ẹja yíyan ń sọdá. Mautín dúró, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Alùpùpù fì sí ẹ̀gbẹ́. Apẹja méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe sáré wá gbé wa ró. Ohunkóhun kò ṣe wá, ṣùgbọ́n mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ òsì mi wò.

Mo ní n kò gun pupa mọ́. Mautín ní díẹ̀ ló kù kó mọ́ ọn lára. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá, nítorí náà a kì í fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún ara wa.

Ó ní, “Ẹ̀yìn ni o kàn máa jókòó sí. Èmi ni mo máa wà á. Kí ló dé tí ẹ̀rù ń bà ọ́?”

Mo ní, “Ìwọ ń di ọwọ́ alùpùpù mú. Kí ni èmi ń dì mú?”

Bàbá Húnsù kò dá sí ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n gun pupa, wọ́n ní kí Mautín bọ́ sẹ́yìn, níbi tí mo jókòó sí, pẹ̀lú gbogbo ẹrù náà. Wọ́n gbé e lọ sí ìpẹ̀kun abúlé, wọ́n sì gbé e padà. Èmi àti àwọn ẹlẹ́ja ń wò wọ́n. Bí ọkọ mi ti ń bọ̀, ó di ẹ̀wù àgbàlagbà náà mú ṣinṣin, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Irin tí èéfín ń gbà jáde ti jó o lẹ́sẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ ra ojúgun.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Má bínú. N kò mọ̀ pé bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn.”

Bàbá Húnsù tú ẹrù palẹ̀, wọ́n sì kọ́ wa bí a ti ń dì í. Omi, ìkòkò àti sítóòfù tó wúwo lọ sísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, nítòsí ẹsẹ̀ mi. Àgọ́ àti ẹní tó fúyẹ́ nìkan ló lọ sẹ́yìn. Mo gun aláwọ̀ aró láìlo àpótí. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì balẹ̀ lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀. Mo ní kí Mautín dúró lójijì, mo ní kó yà, mo ní kó gba inú yanrìn lọ, gbogbo rẹ̀ ló ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tólẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò pẹ́ tí mo rí i pé mo ti fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, mo ń juwọ́ sí àwọn ẹlẹ́ja. Mo ní, “Èyí ni.”

Kí oòrùn tó yẹ̀rí, a ti padà sí Àgbádárìgì, a ti sanwó, a ti gba ìwé, a sì ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Gberefu lódìkejì ọ̀sà, àwa àti alùpùpù wa. Ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n gba méjì lórí alùpùpù. A gba ọ̀nà yanrìn láàárín àwọn igi àgbọn, títí a fi gbọ́ òkun kí a tó rí i. Mo pariwo bí ọmọdé. A bẹ ìyá àgbà kan pé kó fún wa láyè pàgọ́. Ó wo ibi tí a ti ń nà án, ó ní kí a sún sókè sí i, nítorí òkun máa ń wá bẹ ibẹ̀ wò. Ó fún wa ní àgbọn méjì, kò gba kọ́bọ̀. Ẹja tí a rà lọ́wọ́ apẹja la sè jẹ, a sì sùn fọnfọn.

Ní ọjọ́ kejì, a tún wọ ọkọ̀ ojú omi padà, a sì gun alùpùpù wa láti Àgbádárìgì dé Morogbo. Ọ̀nà kan náà ni, gbágungbàgun kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo rí gbogbo rẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà àwọn abúlé tí n kò mọ̀ rí. Mo ti rò pé ìbẹ̀rù mi á kọ́kọ́ tán kí n tó lè rìnrìn àjò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà pẹ̀lú mi lórí ìjókòó náà, àyè sì gba àwa méjèèjì.

Nígbà tí a dé ẹnu àdúgbò wa, Mautín dẹ eré, ó fẹ́ yà. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Mo ní, “Má tíì yà. Jẹ́ ká dé oríta kejì ná.”