Oyin Tó Fẹ́ Rọ Mí Lápá Rọ Mí Lẹ́sẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Ìtunu Ààwẹ̀ ni. Mo ti jẹ iyán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, mo fi ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́ta lé e, mo wá na gbalaja sórí ẹní ní pálọ̀ wa ní Turffontein, àdúgbò tí à ń gbé lẹ́yìn odi. Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, mo ní kí n dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo tún gbìyànjú. Itan mi wà níbẹ̀ bí ẹran orí àtẹ. Sùmáyà, ọmọ mi, rò pé mo ń ṣeré ni, ó gùn mí lẹ́yìn.

Sìkírátù, ìyàwó mi, pe Alfa àdúgbò. Ó gbé hàntú dé, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì kúrò lójú wàláà. Èmi ni mo ní kí ó po oyin mọ́ ọn dáadáa, ẹ má dá Alfa lẹ́bi. Mo mu ife méjì. Kò ju wákàtí kan lọ tí apá méjèèjì fi kú. Oyin ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, eṣinṣin bà lé e, n kò lè lé e. Ìtọ̀ gbọ̀n mí, n kò lè dìde, mo tọ̀ sára. Háà! Ara mi rí mi lára.

Ní ọsibítù ìjọba, ẹnìkan bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí wọ́n gbé mi sí, ó pẹ́ kí wọ́n tó nù ún. Nọ́ọ̀sì kan gbóòórùn mi, ó ní, "Eish, baba yìí ti mutí yó."

Sìkírátù fara ya. "Ọtí kẹ̀? Ẹni tó gbààwẹ̀ odidi oṣù!"

N kò bẹ̀rù ikú tó bí mo ṣe bẹ̀rù pé wọn yóò máa nùdí fún mi títí ayé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pòtásíọ̀mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan nílò, ti lọ sílẹ̀ gidi. Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì iṣan ní ihò tíntìntín, ihò kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn tí iná ara ń ṣí tí ó sì ń tì. Tí àṣẹ bá dé láti ọpọlọ, iná yí padà, ìlẹ̀kùn ṣí, iyọ̀ ya wọlé, iṣan sún kì, ìlẹ̀kùn tún padé. Ìlẹ̀kùn tèmi ń jò láti inú oyún. Oúnjẹ ńlá àti ohun dídùn a sì máa lé pòtásíọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú iṣan. Tí ó bá ti lọ sílẹ̀, iná ara awọ mi á dàrú, ìlẹ̀kùn iyọ̀ á há ní títì, àṣẹ á máa kanlẹ̀kùn lásán. Iyán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oyin ló parí rẹ̀.

Pòtásíọ̀mù tí wọ́n fà sí mi lára ta bí ata. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mì. Lọ́sàn-án, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé ìyàgbẹ́. Ó rùn, ìgbẹ́ ẹlòmíràn wà lára ògiri, mo sì sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Dókítà ní a máa ń jogún àìsàn yìí. Mo pe ìyá mi ní Ìwó. Mo ròyìn rẹ̀ fún un, ó ní:

"Lásísì, bàbá rẹ mà nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ọdún ni kì í lè dìde lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀lẹ la pè é, ìwọ náà a sì máa fi í rẹ́rìn-ín."

Bàbá mi ti kú. Lónìí mo ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mayfair látàárọ̀ dalẹ́, alihamdulilahi. N kì í jẹ àjẹkì mọ́, mo sì ń gbé oògùn burúkú tí dókítà kọ fún mi mì lójoojúmọ́. Ara mi kò rí mi lára mọ́. Ẹ̀rín tí mo fi bàbá mi rín ló ń rí mi lára.