Agbẹ̀bí Tó Ń Ṣọ́ Iná Pupa

Ṣé Ọlọ́run máa ń gbọ́ àdúrà tí ariwo ọkọ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ń gbà á gan-an kò gbọ́? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn aláboyún gbàdúrà nílé ìwòsàn etí títì yìí. N kò tíì rí èsì, n kò sì tíì jáwọ́.

Àgbà agbẹ̀bí ibẹ̀ kì í bá mi jiyàn. Iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ni tirẹ̀. Bó bá ti gbé ìwo onígi tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn, á kọjú sí fèrèsé. Bí iná bá pọ́n, ọkọ̀ á dúró lókè lọ́hùn-ún, iwájú wa á pa rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà yẹn ló ń ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ìgbà kan wà tí kò dúró de iná: ẹ́ńjìnì tírélà ló kà, tó pè é ní ọkàn ọmọ, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ dá ṣáṣá. Kò parí ìtàn yẹn fún mi rí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó kọjá, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń rọbí dé. Láti àárọ̀, ọmọ inú rẹ̀ kò mira. Agbẹ̀bí fi etí ti ìwo. Fèrè ọkọ̀ ń dún lákọlákọ. Ó wo fèrèsé. Iná oríta ti kú.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?" ni obìnrin náà bi agbẹ̀bí.

"Àwọn awakọ̀ ni mò ń gbọ́, ọmọ mi. Àfi bíi pé àwọn náà ń rọbí."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkàn ọmọ bá ti ń rẹlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù. Bí kò bá rẹlẹ̀, tí wọ́n sì ṣe é, wọ́n á kàn la ikùn ìyá lásán ni.

"Ẹ ti gbọ́ nǹkan kan?" ni dókítà wí.

"Ohun tí etí mi ò bá gbọ́, ẹnu mi ò ní sọ ọ́."

Ó sún ìwo sísàlẹ̀, ó dijú. Òógùn ń kán nímú rẹ̀. Mo di ọwọ́ aláboyún mú, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Fèrè ń bò mí mọ́lẹ̀, mo bá gbé ohùn sókè. Agbẹ̀bí fọwọ́ kàn mí lápá.

"Ìyá Àdúrà, ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ báyìí o."

Ojú tì mí. Mo dá àdúrà náà dúró.

"Ẹ má bínú, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ dúró sáàárín títì, kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ dá wọn dúró. Ìṣẹ́jú kan péré, kí n ka ọkàn ọmọ yìí."

Mo jáde lọ sáàárín títì, mo sì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gbàdúrà.