Ohun Tí Ọmọ Ọ̀dọ̀ Náà Kò Sọ ní Kóòtù

Ọwọ́ màmá náà máa ń tutù nígbà gbogbo, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ní Blackley ni mo ti tọ́jú rẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester. Ìyá arúgbó ará Ireland ni. Ọ̀rọ̀ àná kì í dúró lórí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ti ìgbà èwe rẹ̀, á sọ ọ́ láìṣìsọ. Àwa méjì la máa ń lọ gbé e dìde láràárọ̀: èmi, àti ọmọbìnrin kan ará Abẹ́òkúta tó kéré sí mi dáadáa, tó máa ń kọrin bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ń pè mí ní Àǹtí. Ilé-iṣẹ́ wa ló ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé ìgbélùú àwa méjèèjì. Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ilé ti yá nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣáájú ọmọbìnrin yìí débẹ̀. Bí mo ṣe ká apá aṣọ màmá sókè, mo rí i pé apá rẹ̀ ti dúdú láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó fi gbá irin bẹ́ẹ̀dì lóru. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ fún ilé tó kàn, mo sì ń kánjú; mo fa apá aṣọ náà wálẹ̀. Ẹnìkejì mi dé, ó wọ aṣọ òtútù fún màmá lórí èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé pé òun ló wọ̀ ọ́ fún un. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ màmá wá, ó rí apá ìyá rẹ̀, ó sì pariwo. Mánéjà ránṣẹ́ pè wá.

"Bí a bá ti wọlé, kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ wọ́n," mo sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ah, Àǹtí, mi ò do anything o! Kí ni mo fẹ́ beg fún?"

"Ẹlẹ́bi tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ ṣáà bẹ̀ wọ́n."

Èmi ọ̀mọ̀ràn! Mo ń pa òwe ẹlẹ́bi fún ẹni tí kò jẹ̀bi, èmi tí mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mánéjà, òyìnbó obìnrin, wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì mú kálàmù. Lójú tiwa, ọmọ náà bu ọlá fún àgbà. Lójú tirẹ̀, ó ti jẹ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé di ọjọ́ tí wọn yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ pé òun ló wọ aṣọ fún màmá, pé ó sì kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹun tí n kò mọ adùn oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ṣe ń fún màmá ní ògì wọn, ó bi mí pé ọmọ tó máa ń kọrin dà. Mo ní wọ́n ní ó ṣe màmá léṣe ni. Ó tẹjú mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó ní ìyá ìyá òun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé ńlá kan ní ìgbèríko Ireland. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pa obìnrin alásè ilé náà sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe bọ́tà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin ni wọ́n bá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà ìkẹyìn ló ń gbà sí i létí, bí àwọn Àgùdà ti máa ń ṣe. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà mọ̀. Ó wà lókè, ó ń yọ́ aṣọ ìyàwó ọ̀gá wọ̀ wò, ó sì ti ojú fèrèsé rí olórí àwọn ìránṣẹ́ ilé tó sáré jáde nínú yàrá yẹn kí ọlọ́ṣin tó wọlé. Bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò bi í pé kí ló ń wá lókè. Ní kóòtù, ó ní, "Mo rí i lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n yẹgi fún ọlọ́ṣin náà.

"Ó parọ́ nìyẹn," mo wí.

"Kò parọ́ rárá," màmá dá mi lóhùn. "Títí ó fi kú ló ń sọ ọ́ fún wa pé òun kò parọ́, a kò sì bi í."

Mo fún un ní ìyókù ògì rẹ̀, mo sì jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rù bà mí débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibùdókọ̀ tí ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀ ní Crumpsall, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sí ọ́fíìsì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún mánéjà: pé mo rí apá náà ṣáájú, pé n kò kọ ọ́, pé èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀. Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún èmi. Nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ fi dá ọmọ ọlọ́mọ padà sílé.

Màmá ti sinmi báyìí. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Wigan. Ohun tí mánéjà sọ fún un kò ju pé Àǹtí rẹ̀ wá jẹ́rìí gbè é. Ó jẹ́rìí ọ̀hún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní nígbà tí gbogbo ayé kọ òun, Àǹtí òun wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ òtítọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì tẹríba. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ iye ọdún tí ààbọ̀ òtítọ́ lè fi rìn. Ó ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bèèrè àlàáfíà mi, n kò sì tíì sọ ohun tí mo fi pamọ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn fún un.